Kọ́kọ́rọ́ Dà? Bí Encryption Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, Láti Ṣọ́ọ̀bù Mi ní Sángo

Nọ́ńbà oní-dígíìtì 48 ni láptọ́ọ̀pù náà ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ rí bí aṣọ aró, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i ní funfun, ó ní kí n tẹ recovery key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ tó bá ti ara rẹ̀ pa. Gbígbóná ló ń gbóná tó sì ń kú fúnra rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi gbé e wá bá mi ní Sángo, n'Ìbàdàn. Mo ti tú fáànù rẹ̀, mo ti gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, ó sì ti tutù. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Àṣejù bá mú mi, mo ní kí n kúkú bá a sọ BIOS rẹ̀ di tuntun, ìyẹn software kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé, láìbi ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe tàn án padà, ojú aró yẹn ló kí mi káàbọ̀.

Ọdún àṣekágbá ni ọmọ náà wà. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè wà nínú ẹ̀, kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Mo bi í pé, "Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dà?"

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ wo, Àǹtí? Mi ò ti nǹkan kan pa o."

Òótọ́ ló sọ. Láptọ́ọ̀pù ló ti ara rẹ̀ pa, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọmọṣẹ́ kan kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi títí tó fi máa mọ ohun tí encryption jẹ́. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn ni mo kọ síbí yìí. Bébà, bíírò, àti ìdérí ìgò mínírà mẹ́jọ lẹ máa nílò.

Encryption ni kí a fi kọ́kọ́rọ́ kan da ọ̀rọ̀ rú, débi pé ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ náà á máa rí wúruwùru, ẹni tó ní in á sì tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀nà, àti owó tó di rbr

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹ̀nà la fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn àgbà lójú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "mo fẹ́ lọ", á ní "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ó dùn mọ́ wa títí di ọjọ́ tí ìyá mi fi pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹgẹ wágá fọgọ agabọ́gọ́!" Àṣé ó ti ń gbọ́ wa látọjọ́ yìí. A lọ fọ abọ́.

Ohun tó ṣe ẹ̀nà wa ni pé kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọgbọ́n tí a fi ń sọ ọ́ nìkan ni àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ọgbọ́n náà ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a máa sọ títí ayé.

Ẹ jẹ́ kí a fi kọ́kọ́rọ́ kún un. Ẹ kọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá sílẹ̀: a b d e ẹ f g gb h i j k l m n o ọ p r s ṣ t u w y. Ó jẹ́ 25. Ẹ mú 3 bíi kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá dé y, ẹ padà sí a. Ẹ máa rí i pé o di r, w di b, o kejì tún di r. "Owó" ti di "rbr". Báyìí ni Julius Caesar ará Róòmù ṣe ń kọ lẹ́tà àṣírí rẹ̀, òun náà a sì máa sún un lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo máa ń kọ gbólóhùn kan báyìí fún ọmọṣẹ́ tuntun láìsọ kọ́kọ́rọ́ fún un. Kò sí èyí tí kì í tú u. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe ò ju 24 lọ, ó kàn máa dán an wò níkọ̀ọ̀kan ni. Èyí tó gbọ́n nínú wọn ò tiẹ̀ ní dán gbogbo rẹ̀ wò: á wo rbr, á rí i pé lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn bára mu, á sì fura sí fáwẹ̀lì. Èdè wa gan-an ń tú àṣírí ara rẹ̀, nítorí pé yàtọ̀ sí n, kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ wa. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún 9 ni Al-Kindi ti kọ ọ́ ní Baghdad pé kí èèyàn ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, kó fi wé bí èdè náà ṣe máa ń lò wọ́n. Ọgbọ́n náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní 1883, Auguste Kerckhoffs kọ ìlànà kan tí gbogbo oníṣẹ́ yìí ṣì ń tẹ̀ lé: ẹ rò ó pé ọ̀tá ti mọ bí ẹ ṣe rọ àgádágodo yín, irin tí ẹ lò àti bí inú rẹ̀ ṣe rí. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kí ẹ fi pamọ́. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ ta app fún yín, tó ní agbára rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀nà ló ń tà fún yín.

Ìdérí ìgò mẹ́jọ

Kọ̀ǹpútà ò mọ a b d. 0 àti 1 ló mọ̀. Lẹ́tà K nínú rẹ̀ jẹ́ 75, bó sì ṣe ń kọ ọ́ nìyí: 01001011. Ẹ to ìdérí mẹ́jọ sórí tábìlì. Èyí tó bá kọjú sókè ni 1, èyí tó bá dojú dé ni 0.

Kọ́kọ́rọ́ wa ni 01100110. Àṣẹ ni kọ́kọ́rọ́ ń pa: níbi tó bá ti ní 1, ẹ yí ìdérí náà padà; níbi tó bá ti ní 0, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdérí kejì, ìkẹta, ìkẹfà àti ìkeje lẹ máa yí. Ohun tó wà lórí tábìlì á di 00101101. Tí kọ̀ǹpútà bá kọ ìyẹn jáde, ìlà kékeré báyìí ló jẹ́: - . K ti wọlé lọ.

Ẹ wá fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, kó yí àwọn ìdérí mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. K padà dé. Títì àti ṣíṣí, iṣẹ́ kan náà ni. XOR ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, òun sì ni òpó tó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú encryption ayé òde òní ró.

Babaláwo kan gbé fóònù wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan tí ìdérí ṣì wà lórí tábìlì. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mẹ́jọ, tó lè ṣí tó lè dé. 256 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́." Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, odù sì jẹ́ 256. Byte kan gẹ́lẹ́ nìyẹn, ìyẹn àkójọ 0 àti 1 mẹ́jọ.

Tí kọ́kọ́rọ́ yín bá gùn tó ọ̀rọ̀ yín, tó jẹ́ pé bí ẹni ń ta owó ẹyọ sókè lẹ ṣe mú 0 àti 1 rẹ̀, tí ẹ kò sì lò ó lẹ́ẹ̀mejì láéláé, kò sí ọba tó lè tú u. Claude Shannon fi ìṣirò hàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1949. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gbé kọ́kọ́rọ́ tó gùn tó fídíò ìgbéyàwó kiri? Ẹni tó bá sì lo kan náà lẹ́ẹ̀mejì ti kó sí wàhálà, torí tí ọ̀tá bá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe XOR síra wọn, kọ́kọ́rọ́ á yọ́ dànù láàárín wọn, ọ̀rọ̀ yín méjèèjì lá kù tí wọ́n gun orí ara wọn.

AES

Kọ́kọ́rọ́ kúkúrú tó lè ti fáìlì gígùn ni gbogbo ayé wá ń wá. Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n encryption kan tó ń jẹ́ DES kalẹ̀ ní 1977, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 56, bíi ìdérí 56 tó lè jẹ́ 0 tàbí 1. Nígbà tó di 1998, Electronic Frontier Foundation, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kan ẹ̀rọ kan tó dán kọ́kọ́rọ́ wò títí tó fi rí èyí tó ṣí i, wákàtí 56 ló gbà á. DES ti parí nìyẹn.

Wọ́n ti pe ìdíje ní gbangba kó tó dìgbà yẹn, láti wá ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló borí ní 2000, iṣẹ́ wọn sì di AES ní 2001. Byte 16 ló máa ń mú lẹ́ẹ̀kan, á tò wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ojúlé ilé. Á fi tábìlì kan pààrọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí òmíràn, á sún àwọn ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á po ọwọ̀n kọ̀ọ̀kan pọ̀, á wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣe XOR tí ẹ fi ìdérí ṣe lẹ́ẹ̀kan. Á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 10 ló máa ń yí i fún kọ́kọ́rọ́ bíìtì 128, ìgbà 14 fún ti 256. Iye kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe ní 128 nìkan jẹ́ nọ́ńbà tí dígíìtì rẹ̀ tó 39. Ẹ má jókòó dán an wò.

Bí ẹ ṣe máa lò ó lónìí: ẹ gbé 7-Zip sórí láptọ́ọ̀pù yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ fáìlì, kí ẹ mú "Add to archive". Ní "Archive format", ẹ mú 7z, ẹ kọ password, kí ẹ sì máàkì "Encrypt file names", bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ fáìlì á máa hàn síta, orúkọ nìkan sì tó fi tú àṣírí. Tó bá jẹ́ zip lẹ mú, ẹ wo "Encryption method", kí ẹ yí ZipCrypto sí AES-256. ZipCrypto ò lágbára.

Password ló kù. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti ń jáde, torí náà tí ọjọ́ ìbí yín bá ni password yín, AES ti di ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi okùn so. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bára tan ni mo máa ń ní kí wọ́n tò pọ̀. Ẹ má fi òwe ṣe é. Òwe, ti gbogbo wa ni.

Àgádágodo tí ẹ lè pín fún gbogbo ayé

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n yín wà ní Ìlọrin, ẹ fẹ́ fi fáìlì tí ẹ ti tì ránṣẹ́ sí i. Báwo ni kọ́kọ́rọ́ ṣe máa dé ọwọ́ rẹ̀? Tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lójú ọ̀nà kan náà, ẹni tó jí fáìlì ti jí kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Láti ayé Caesar ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń da gbogbo ènìyàn láàmú.

Ọgbọ́n rẹ̀ rèé. Àgádágodo tó ṣí, ẹnikẹ́ni ló lè tì í, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ pa ni. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín fi àgádágodo tó ṣí ránṣẹ́ sí yín, kó má fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ tì í mọ́ àpótí, ẹ dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ ò jáde n'Ìlọrin rí.

Whitfield Diffie àti Martin Hellman ló kọ́kọ́ kéde irú ọgbọ́n yìí ní 1976. Lọ́dún kejì, Rivest, Shamir àti Adleman gbé RSA jáde ní MIT. Clifford Cocks ti ṣe irú rẹ̀ ní 1973 fún ilé iṣẹ́ àṣírí ìjọba Bìrìtìkó, wọn ò sì jẹ́ kí ayé gbọ́ títí di 1997. Ó máa dun ọkùnrin yẹn o.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà kékeré ṣe RSA. Mo mú 3 àti 11, kò sí nọ́ńbà tó pín èyíkéyìí nínú wọn gẹ́lẹ́ àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Mo sọ wọ́n di púpọ̀: 33. Mo yọ 1 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sọ wọ́n di púpọ̀: 2×10, ó jẹ́ 20. Mo mú 3 bíi nọ́ńbà tí mo máa kéde. Mo wá nọ́ńbà tí 3 máa lù tí á ṣẹ́ ku 1 tí a bá fi 20 pín in. 7 ni, torí 3×7 jẹ́ 21. Àgádágodo mi ni 33 àti 3, mo lè kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ mi ni 7.

Ẹ fẹ́ fi 4 ránṣẹ́ sí mi. Nítorí pé mo kéde 3, ẹ ṣe 4×4×4, ó jẹ́ 64. Ẹ yọ 33 kúrò, ó ku 31. Ẹ fi 31 ránṣẹ́.

Èmi náà fi 7 ṣí i. Mo máa fi 31 lu ara rẹ̀ níbi méje, mo sì ń da gbogbo 33 tó bá wà nínú rẹ̀ nù bí mo ṣe ń lọ. 31×31 jẹ́ 961. 33 wà nínú rẹ̀ nígbà 29, ìyẹn 957, ó ku 4. Nítorí náà 31 méjì di 4. 31 mẹ́fà á jẹ́ 4×4×4, 64, ó ku 31. Ẹyọ kan ló kù: 31×31. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, 4 ló ń kù. Mo ti rí 4 tí ẹ fi ránṣẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọṣẹ́ mi rí i tí 4 padà wá, ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó ní mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó fi 5 dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò.

Ẹni tó bá rí 33 á mọ̀ pé 3 àti 11 ló bí i, á sì rí 7. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tòótọ́ fi máa ń gùn tó dígíìtì 617 nínú RSA bíìtì 2048. Láti wá òbí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà ní ọjà ò lè ṣe é. Peter Shor fi hàn ní 1994 pé kọ̀ǹpútà quantum tó bá tóbi tó máa lè ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà irú iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi gbé àgádágodo oríṣi mìíràn jáde ní oṣù kẹjọ 2024. Èyí ò kan láptọ́ọ̀pù yín lónìí.

Irú àgádágodo yìí máa ń falẹ̀, torí náà wọn kì í fi ti fáìlì ńlá. Tí ẹ bá ṣí ojúlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ọgbọ́n Diffie àti Hellman ni fóònù yín àti ẹ̀rọ ọ̀hún fi ń fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ kan, lẹ́yìn náà AES tàbí irú rẹ̀ á gba iṣẹ́ tó kù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: https ń sọ pé ọ̀nà tó wà láàárín yín ní ààbò. Kò sọ pé olóòótọ́ ló wà ní ìdí rẹ̀. Oníbàárà mi kan kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sórí ojúlé ayédèrú nítorí pé ó rí àmì àgádágodo. Ọ̀nà náà ní ààbò lóòótọ́, ilé olè ló já sí.

Ẹ̀lùbọ́

Hash kì í ṣe encryption, bí ọ̀pọ̀ èèyàn tiẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Iṣu ló di ẹ̀lùbọ́, ẹ̀lùbọ́ ò lè di iṣu mọ́. Bí fáìlì bá tóbi bó bá kéré, SHA-256, irú hash kan, á lọ̀ ọ́ di nọ́ńbà àti lẹ́tà 64. Tí ẹ bá yí kọ́mà kan ṣoṣo nínú fáìlì náà, èyí tó pọ̀ jù nínú 64 náà ló máa yí padà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, kí ẹ wá fi SHA256 parí rẹ̀. Ẹ fi wé èyí tí ẹni tó ṣe software náà kọ sórí ojúlé rẹ̀. Tí kò bá bára mu, ẹ má fi í sórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀lùbọ́ password yín ló yẹ kí ojúlé máa tọ́jú, kì í ṣe password gan-an, wọ́n sì máa ń po nǹkan mọ́ ọn kó tó di lílọ̀, kí ẹni méjì tó ní password kan náà má bàa ní ẹ̀lùbọ́ kan náà. Salt ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ìyẹn iyọ̀. Ojúlé tó bá fi password yín àtijọ́ ránṣẹ́ padà sí yín lódindi ń kó iṣu pamọ́. Ẹ kúrò níbẹ̀.

WhatsApp, ní kúkúrú

Láti oṣù kẹrin 2016 ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara wọn sọ lórí WhatsApp ti ń wà ní títì láti fóònù dé fóònù. Inú fóònù yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wà láàárín, ẹ tẹ orúkọ ẹni náà, ẹ tẹ "Encryption", ẹ máa rí nọ́ńbà oní-dígíìtì 60. Kí tirẹ̀ àti tiyín bára mu. Backup ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: àfi tí ẹ bá wọ Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ tan "End-to-end encrypted backup" fúnra yín, kò sí nínú ààbò yìí. Encryption kankan ò sì gba ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ ka OTP fún olè.

Nọ́ńbà 48

Ẹ jẹ́ ká padà sórí láptọ́ọ̀pù ọmọ yẹn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Windows, tí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé, BitLocker, ìyẹn encryption tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, á ti gbogbo díìsìkì pẹ̀lú AES láìpariwo, á sì fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àkáǹtì náà. Ṣíìpù kékeré kan tó ń jẹ́ TPM ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, tó sì ń ṣí i ní gbogbo àárọ̀ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo ojú àlejò. Tí ó bá rí i pé BIOS ti yí padà, á ní òun ò mọ ẹ mọ́. Èmi ni mo yí i.

Ohun tó yẹ kí n ṣe, tí ẹ̀yin náà máa ṣe lónìí: ẹ kọ cmd sínú Start, ẹ mú "Run as administrator", ẹ kọ manage-bde -protectors -get C: kí ẹ sì tẹ Enter. Tí BitLocker bá wà, ẹ máa rí nọ́ńbà 48 ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́jọ. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí bébà náà má gbé inú báàgì láptọ́ọ̀pù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, ẹ kọ manage-bde -protectors -disable C: kí ó sinmi ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi -enable rọ́pò -disable.

Ọmọ náà ò ní àkáǹtì kankan tó rántí. Tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ rò pé láptọ́ọ̀pù náà jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ló rántí pé àbúrò bàbá òun ní Manchester ló rà á, tó sì tò ó kó tó fi rán èèyàn. A pè é. Ó wà níbi iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí aka.ms/myrecoverykey." Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló bá níbẹ̀, ti ẹ̀rọ mẹ́ta. Mo ka Key ID tó wà lójú aró fún un, ó wá èyí tó bá a mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ọ̀nà karùn-ún, bọ̀ọ̀dá náà dúró, ó ní, "Ṣé fáànù lẹ ní ẹ ń tún ṣe?"

Mi ò gba owó fáànù.